Àwọ̀ Omi Níbi Tí Odò Ti Ń Pàdé

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ odò kan dáadáa, ìmọ̀ràn mi fún un ni pé kí ó fi orí afárá tí ọkọ̀ ń gbà kọjá sílẹ̀, kí ó wá ibi tí odò náà ti pàdé òmíràn lọ. Lórí afárá, omi kan ṣoṣo ni a ń rí, kò sì sí ohun tí a lè fi wé e. Níbi ìpàdé odò ni ìwà olúkúlùkù ti ń hàn: ọ̀kan lè mọ́ gaara kí èkejì pọ́n rúsúrúsú, ọ̀kan lè tutù kí èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀kan lè máa sáré kí èkejì máa rọra bọ̀. Kí wọ́n tó darapọ̀ tán, wọ́n á ṣì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀, ìlà kan á sì wà láàrin wọn tí ojú lè tọ̀ títí yóò fi pòórá. Ìlà yẹn ni mo fẹ́ràn jù lára odò. Ó máa ń jẹ́ kí n ronú nípa ilẹ̀ tí omi kọ̀ọ̀kan ti kọjá kí ó tó dé iwájú mi, nítorí pé omi kì í dé ibì kan láìmú nǹkan bọ̀ láti ibi tí ó ti wá.

Ilẹ̀ olókè àti igbó tí ó wà láàrin Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn odò wa ti ń bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ sì ni ìpàdé tí ó gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo wọn wà. Ní Ìkógòsì-Èkìtì, omi méjì ń sun jáde lábẹ́ òkè, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù, wọ́n sì ṣàn wá bá ara wọn lábẹ́ àwọn igi ńláńlá. Àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n láti ayébáyé. Ní àwọn ọdún 1950 ni John McGee, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ kàn kọjá àgbègbè náà. Gbogbo àlejò tí ó bá débẹ̀ ló ń ṣe ohun kan náà: wọ́n á ki ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, wọ́n á ki èkejì bọ omi tútù, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ní kí ẹnì kan ya àwòrán àwọn. Èmi náà ti ṣe é, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ méjèèjì bi wá kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè náà ni ibi tí ooru ti wá. Kò sí òkè oníná ní Èkìtì. Omi òjò ló ń gba ojú àpáta tí ó sán wọlẹ̀, tí ó ń lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí ilẹ̀ ti gbóná ju òkè lọ, tí ó sì ń rí ojú ibòmíràn tí àpáta ti sán, tí ó ń gba ibẹ̀ padà sókè kí ó tó ráyè tutù. Omi tútù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìpolówó máa ń sọ pé 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ìwọ̀n ooru omi gbígbóná náà lójú ìsun, ṣùgbọ́n iye tí àwọn onímọ̀ tí ó wọ̀n ọ́n kọ sílẹ̀ sún mọ́ 38, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ooru ara ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ mọ èwo ni kí òun gbà gbọ́ nínú méjèèjì, nítorí omi tí ó bá gbóná dé 70 yóò bó ènìyàn láwọ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú náà ní tirẹ̀ ni pé aya ọdẹ kan ni omi méjèèjì, pé ìyàwó oníjà ló di omi gbígbóná, tí onísùúrù sì di omi tútù. Ohun tí ó wù mí nínú ìtàn yìí ni pé ó gba ohun tí àwọn onímọ̀ náà gbà, ìyẹn ni pé omi méjèèjì ti ní ìgbésí ayé tiwọn kí wọ́n tó pàdé.

Òkè gbọọrọ kan ló wà lẹ́yìn gbogbo èyí. Ó na láti ìhà àríwá sí ìhà gúúsù láàrin Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ìlú Èfọ̀n-Aláayè sì jókòó sórí rẹ̀. Irú àpáta líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite ni òkè náà, òjò àti oòrùn kò sì lè tètè jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ àwọn àpáta tí ó yí i ká. Ìdí nìyí tí omi fi ń já láti orí rẹ̀ ní ọ̀nà púpọ̀: Àrìnta wà ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ ní ìhà Èkìtì, Olúmirìn wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìhà kejì, níbi tí omi ti ń já ní ìpele méje láti orí àpáta sórí àpáta. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń dúró sí ìpele àkọ́kọ́, níbi tí ariwo omi ti ń borí ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì padà sílé. Ẹni tí ó bá gòkè sí i yóò rí i pé omi náà ń kéré sí i ni, pé ohun tí ó ń já bí ẹni pé yóò wó àpáta nísàlẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀ omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gba abẹ́ ewé àti gbòǹgbò igi kọjá. Àwọn omi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí kì í yan ọ̀nà bí ó ti wù wọ́n. Ojú ibi tí àpáta ti sán ni wọ́n ń tọ̀, ìdí sì nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń rìn tààrà fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó yà ní igun lójijì.

Orí òkè bẹ́ẹ̀ ni a ti ń pín omi. Odò Ọ̀ṣun ní ojúbọ orísun rẹ̀ ní Ìgèdé-Èkìtì; láti ibẹ̀ ó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ó gba àríwá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá lọ sí Òṣogbo, ó yà sí gúúsù ní ìhà Ẹdẹ, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kí ní ìtòsí Ẹ̀pẹ́. Odò Ọ̀nì náà sọ̀ kalẹ̀ láti ilẹ̀ olókè Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló gbà, ó la àwọn igbó gúúsù Ifẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ Ifẹ̀tẹ̀dó. Ọwẹ́nà, tí àwọn tí ó ń ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ máa ń kọjá lórí rẹ̀, kọrí sí ilẹ̀ Oǹdó. Bí a bá wo Ọ̀ṣun àti Ọ̀nì lórí àwòrán ilẹ̀, a ó rí ohun kan tí ó máa ń yà mí lẹ́nu: ọ̀sà Lẹ́kí kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, Ọ̀nì láti ìhà ìlà-oòrùn, Ọ̀ṣun láti ìhà ìwọ̀-oòrùn. Òjò tí ó bọ́ sórí òkè ní ibi tí kò jìnnà síra lè pínyà, kí ọ̀kan gba Òṣogbo lọ, kí èkejì gba Ifẹ̀tẹ̀dó lọ, kí wọ́n sì tún fojú kan ara wọn nínú omi tí àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ń ta àwọ̀n sí.

Ìpínyà kan tún wà ní àríwá tí ó dùn mọ́ mi nínú ju èyí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dàn ti ń gba ipò igbó níbẹ̀. Odò Asa gba Ìlọrin kọjá, ó kọrí sí àríwá, omi rẹ̀ sì ń parí sínú odò Ọya. Odò Ọbà, tí ó sun ní agbègbè Ìgbọ́n tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kọrí sí gúúsù, ó sì wọ inú Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilé Ṣàngó yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá gbọ́ èyí: òjò kan náà, tí àrá ṣáájú rẹ̀, lè rọ̀ sórí ilẹ̀ gíga tí ó wà láàrin odò méjèèjì, kí apá kan rẹ̀ lọ bá Ọya, kí apá kejì lọ bá Ọbà àti Ọ̀ṣun. Ọkọ ló ń pín omi fún aya mẹ́ta.

Mo ti ń lo ọ̀rọ̀ náà, pínyà, ṣùgbọ́n òjò ló ń pínyà. Odò fúnra rẹ̀ kì í sábà pín ní ilẹ̀ olókè. Bí odò bá là sí méjì nítorí àpáta tí ó dúró láàrin rẹ̀, kì í pẹ́ tí méjèèjì á tún fi padà di ọ̀kan. Bí wọn kò bá sì padà, èyí tí ọ̀nà rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ jù ni yóò máa gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ sí i, tí yóò máa fa omi èkejì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, títí ọ̀nà kejì yóò fi gbẹ. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní ẹ̀ka odò ní orí òkè, omi tí ó ń bọ̀ wá kún odò ni. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú létí òkun, ni odò ti ń là sí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ní tòótọ́, bí Ọya ṣe ń ṣe nígbà tí ó bá kọjá Oníṣà. Ibì kan wà tí ó ta ko òfin yìí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn odò mọ̀ ọ́n. Nínú igbó orí òkè ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní North Two Ocean Creek sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba, ó sì là sí méjì láìtún padà pàdé. Apá kan gba odò Yellowstone, Missouri àti Mississippi lọ sí òkun Àtìláńtíìkì, ìrìn tí ó ju 5,000 kìlómítà lọ. Apá kejì gba odò Snake àti Columbia lọ sí òkun Pàsífíìkì, ìrìn tí ó ju 2,000 kìlómítà lọ. Ewé tí ó bá bọ́ sómi ní òkè ibẹ̀ lè dé òkun èyíkéyìí nínú méjèèjì. Inú mi dùn pé irú ibẹ̀ wà, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ṣe gbé pátákó síbẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò.

Ní ilẹ̀ wa, ìpàdé ló pọ̀, àwọn baba wa sì fojú sí i. Odò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, oríkì àti ọlọ́jọ́ tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, nítorí náà nígbà tí ọ̀kan bá wọ inú òmíràn, ẹni méjì ló pàdé, ó sì yẹ kí ìtàn wà nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin wọn. Ọ̀tìn ti ìhà Òkukù wọ inú Ẹ̀rìnlẹ̀. Ẹ̀rìnlẹ̀, tí Ìlobùú ń bọ, wọ inú Ọ̀ṣun ní àgbègbè Ẹdẹ. Ọdẹ ni Ẹ̀rìnlẹ̀, igbó ni ilé rẹ̀ kí ó tó di omi, àwọn ìtàn kan sì sọ pé òun àti Ọ̀ṣun fẹ́ ara wọn, pé Lógunẹ̀dẹ ni ọmọ tí wọ́n bí. Ìtàn yìí rékọjá òkun pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Àwọn ẹlẹ́sìn Kandomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ní Bahia ní Brazil, ṣì ń sọ pé oṣù mẹ́fà ni Lógunẹ̀dẹ fi ń ṣọdẹ nínú igbó pẹ̀lú baba rẹ̀, tí ó sì ń fi oṣù mẹ́fà gbé inú odò pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Èmi kò mọ ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ láti ṣàlàyé ohun tí ìpàdé odò jẹ́ fún ẹni tí kò lè débẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní Brazil kò ní Ẹ̀rìnlẹ̀ tàbí Ọ̀ṣun kankan níwájú wọn tí wọ́n lè nawọ́ sí. Ọmọ tí odò méjèèjì bí ni wọ́n rí gbé dání.

Ti Ọbà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣun ló tàn án pé kí ó gé etí rẹ̀ sínú ọbẹ̀ Ṣàngó kí ọkọ lè fẹ́ràn rẹ̀ sí i, gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Wọ́n ní nítorí èyí ni omi kì í fi í rọ̀ níbi tí Ọbà ti wọ inú Ọ̀ṣun, tí ó máa ń hó, tí ó máa ń ta gìrì lára àpáta. Ní Brazil, bí Ọbà bá ń jó, ọwọ́ rẹ̀ ń bo etí rẹ̀. Ìwó, tí a ń kì ní Olódò Ọbà, kò gbàgbé odò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Ọ̀ṣun nìkan ni omi náà ń jẹ́ láti ibi ìpàdé lọ dé ọ̀sà.

Òwe wa sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orísun kan ṣoṣo ni odò ń ní. Ọ̀ṣun tí ó kọjá lábẹ́ afárá ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn ní Ìgèdé nínú, ó ní Ẹ̀rìnlẹ̀ nínú, ó ní Ọ̀tìn nínú, ó ní Ọbà nínú, ó sì ní àìmọye odò kéékèèké tí àwọn abúlé tí ó wà létí wọn nìkan ló mọ orúkọ wọn. Ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn, inú Ọ̀ṣun ni yóò já sí.

Mo ti ronú púpọ̀ nípa ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé odò mìíràn, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹfà ọdún 1805. Meriwether Lewis àti William Clark ń wa ọkọ̀ gòkè lórí odò Missouri, nítorí pé Ààrẹ Thomas Jefferson ti rán wọn pé kí wọ́n tọ odò náà dé òkè, kí wọ́n sì wá ọ̀nà lọ sí òkun Pàsífíìkì. Lọ́jọ́ kan wọ́n dé ibi tí odò méjì ti pàdé, tí èyí tí ó tóbi nínú wọn kò sì hàn gbangba. Ti àríwá pọ́n, ó kún fún ẹrẹ̀, ó jọ Missouri tí wọ́n ti ń bá bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ló búra pé òun ni. Ti gúúsù mọ́, òkúta róbótó ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá méjèèjì jiyàn pé òkè ńlá ni Missouri ti ń bọ̀, pé odò tí ó bá ti orí òkè wá gbọ́dọ̀ mọ́, àti pé orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni èyí tí ó lẹ́rẹ̀ ti kó ẹrẹ̀ rẹ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dúró níbẹ̀, tí olúkúlùkù wọn tọ odò kan lọ láti wádìí. Níkẹyìn wọ́n yan èyí tí ó mọ́, nígbà tí Lewis sì rí omi ńlá tí ó ń já láti orí àpáta, èyí tí àwọn ènìyàn Hidatsa ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò bá lójú ọ̀nà, ó dájú pé wọ́n yàn bí ó ti yẹ. Odò kejì ni wọ́n sọ ní Marias. Kí oṣù keje tó parí, wọ́n tún dé ibi tí odò mẹ́ta ti pàdé tí kò sí èyí tí wọ́n lè pè ní ọ̀gá nínú wọn. Wọ́n fi orúkọ Jefferson, Madison àti Gallatin pè wọ́n, wọ́n sì gbà pé ibẹ̀ ni orúkọ Missouri parí sí. Dájúdájú, àwọn ẹ̀yà tí ó ti ń gbé etí àwọn odò náà ti ní orúkọ fún gbogbo wọn kí ọkọ̀ wọn tó débẹ̀. Síbẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n lò lórí àwọ̀ omi kò ṣeé fojú rénà: omi òkè mọ́, omi pẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ́rẹ̀.

Ọgbọ́n yẹn ni yóò ṣi ènìyàn lọ́nà lónìí bí ó bá dúró létí Ọ̀ṣun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2020 ni ìròyìn ti ń tàn káàkiri pé omi Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti pọ́n, pé ó ti ki, pé kì í mọ́ mọ́ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ìhà òkè, ìhà igbó, ni ẹrẹ̀ náà ti ń bọ̀. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti ayé ìjọba àwọn òyìnbó ni a sì ti ń wà á ní agbègbè Iléṣà. Wúrà yìí máa ń wà lára àpáta. Bí àpáta bá ti ń jẹrà, omi á gbé e lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ó wúwo, ó máa ń jókòó sílẹ̀ níbikíbi tí omi bá ti dẹ ìrìn rẹ̀, ní kọ́rọ́ odò àti níbi tí odò ti pàdé. Ẹ wá wò ó: ibi tí èmi fẹ́ràn láti dúró sí lára odò ni àwọn awakùsà náà ń wá. Wọ́n á gé igbó etí odò, wọ́n á hú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi láti fọ yanrìn, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ á sì padà sínú odò pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo mákúrì, irin olómi tí ó jẹ́ májèlé, láti fa wúrà jáde lára yanrìn, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa bá omi lọ. Àyẹ̀wò tí àwọn kan ti ṣe sí omi Ọ̀ṣun mẹ́nu ba mákúrì àti òjé, àwọn aláṣẹ sì ti kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún.

Oríkì kan wà tí a fi ń ki Ọ̀ṣun tí n kò lè gbọ́ mọ́ láìdúró díẹ̀. Wọ́n ní ó wa yanrìn, wa yanrìn, ó kówó sí i. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ lásán ni, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń yin olówó. Ní báyìí tí mo ti mọ ohun tí ó wà nínú yanrìn àwọn ẹ̀ka Ọ̀ṣun, ó dà bíi pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọ̀ṣun kó owó pamọ́ sínú yanrìn, àwọn ènìyàn sì ti dé láti wà á jáde.

Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Kò sí igbó tí a dáàbò bò tó o ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní ọdún 1992, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Àdùnní Olórìṣà, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Susanne Wenger, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣọ́ ọ títí ó fi kú ní ọdún 2009. Wọn kì í gégi níbẹ̀, wọn kì í ṣọdẹ, wọn kì í pẹja. Gbogbo èyí ṣe iṣẹ́ rẹ̀, igi wà níbẹ̀, ọ̀bọ wà níbẹ̀, ère wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí hẹ́kítà 75 ni igbó náà, omi tí ó sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá ń bọ̀ láti ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ mọ́ ogún àgbáyé, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ oko kòkó àti igbó tí ó ti di ihò. A dáàbò bo etí odò, a fi odò sílẹ̀. N kò dá àwọn tí ó kọ òfin náà lẹ́bi, nítorí pé ilẹ̀ ṣeé fi odi yí ká, omi kò ṣeé fi odi yí ká. Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan ti béèrè nígbà náà pé odò wo ni Ọ̀ṣun ń gbà wọlé, àti ta ló ń ṣọ́ àwọn yẹn.

Àwọn ìyá wa mọ ìdáhùn rẹ̀ ní kékeré. Ní abúlé ìyá ìyá mi, òkè odò ni a ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń wẹ̀ tí a sì ń fọ aṣọ, ọmọ tí ó bá sì fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí òkè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi yóò gba ìgbájú lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wà nítòsí, kì báà jẹ́ ìbátan rẹ̀ tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò ju èyí lọ. Ó ṣiṣẹ́ nítorí pé ẹni tí ó wà lókè àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ mọ ara wọn, wọ́n sì lè gbọ́ ohùn ara wọn. Ẹni tí ó ń fọ yanrìn nínú ẹ̀ka odò kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò mọ ẹni tí ó ń pọn omi ní Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí ó ṣí ẹ̀rọ omi ní Ìbàdàn, níbi tí omi Ọ̀ṣun ti ń dé láti adágún Aséjìrẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń fọ yanrìn náà pàápàá, ọ̀dọ́ tí ebi lé jáde nílé ni wọ́n, owó tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà kì í sì dé ọwọ́ wọn.

Òjò máa ń ṣe àwáwí fún gbogbo ènìyàn. Bí òjò bá rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, gbogbo odò ni yóò pọ́n, èyí tí a hú etí rẹ̀ àti èyí tí a kò fọwọ́ kàn, nítorí pé àgbàrá ń gbé ilẹ̀ láti oko àti ojú ọ̀nà. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni òtítọ́ ń hàn. Ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí kò sí ẹ̀kán òjò kan, omi tí ó kù nínú odò jẹ́ èyí tí ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ilẹ̀ lábẹ́ igbó, ó sì yẹ kí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Odò tí ó bá pọ́n rúsúrúsú ní àsìkò ọyẹ́, ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Wíwá ọwọ́ náà kò sì le. Láti Òṣogbo, kí ènìyàn máa tọ Ọ̀ṣun gòkè, kí ó sì máa dúró níbi tí odò kọ̀ọ̀kan bá ti wọ inú rẹ̀. Bí omi odò náà bá mọ́, kí ó fi sílẹ̀, kí ó máa lọ. Bí ó bá pọ́n, kí ó yà sínú rẹ̀, kí ó tọ̀ ọ́ dé ìpàdé tí ó tún kàn, kí ó sì tún yan èyí tí ó pọ́n nínú méjèèjì. Èyí tí ó mọ́ ni Lewis àti Clark tẹ̀lé kí wọ́n lè dé orí òkè. Èyí tí ó lẹ́rẹ̀ ni tiwa, títí a ó fi dé ibi tí òkè rẹ̀ mọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, tí ẹ̀rọ tí ń fa omi yóò sì máa dún láàrin méjèèjì. Kò gba ọkọ̀ òfurufú, kò gba ẹ̀rọ ayàwòrán láti ojú ọ̀run. Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tí ó ní ọ̀kadà, ìgò tí a kọ orúkọ odò sí lára, àti àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọba tí ilẹ̀ wọn wà létí omi, wọ́n tó láti ṣe é láàrin ọyẹ́ kan ṣoṣo, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé tí yóò da gbogbo rẹ̀ pọ̀.